Dídá Ọwọ́ Akọ̀wé Mọ̀: Lẹ́tà àti Orúkọ Nínú Ìwé Àfọwọ́kọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn tó ń da ìwé kọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kọkànlá títí di ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún kì í sábà fi orúkọ wọn sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ẹni tó ni ìwé lè kọ orúkọ tirẹ̀ sí i. Akéwì lè fi orúkọ ara rẹ̀ há àárín ewì. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti awọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó ń dà á kọ láti ìlà dé ìlà, gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìkọ̀wé àtijọ́ ni láti wo ọwọ́ yẹn, kí wọ́n sì sọ bóyá ẹni tó kọ ìwé tó wà ní Aberystwyth ní Wales lónìí náà ló kọ èyí tó wà ní California. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lè béèrè ẹni tí akọ̀wé náà í ṣe. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, àwọn tó sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ra ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn díẹ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn ṣá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, mọ́ǹkì kan ní Canterbury, Eadwig tí àpèlé rẹ̀ ń jẹ́ Basan, kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé Ìhìn Rere kan tó ti di ti ìlú Hanover ní Jámánì báyìí. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ló jẹ́ kí àwọn onímọ̀ lè tọ ọwọ́ rẹ̀ dé inú àwọn ìwé mìíràn tí kò fọwọ́ sí. Síbẹ̀, ọwọ́ Eadwig gún régé débi pé àwọn akọ̀wé mìíràn ń sín in jẹ. Níbi tí àwòkọ́ṣe bá ti wọ ọ̀rọ̀, pé lẹ́tà méjì jọra kò tíì tó láti sọ pé ọwọ́ ẹnì kan ló kọ méjèèjì.

Kókó ọ̀rọ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Ìyẹ́ apá ẹyẹ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi ọ̀bẹ gé ẹnu rẹ̀, wọ́n á sì là á díẹ̀ kí yíǹkì lè máa sàn wá. Ẹnu tó gbòòrò a máa fa ìlà tó nípọn bó bá forí lé apá kan, ìlà náà á sì di tẹ́ẹ́rẹ́ bó bá yí padà sí apá kejì. Ìyẹ́ yìí kì í fẹ́ kí wọ́n tì í lọ sókè, kí wọ́n fà á wálẹ̀ ló fẹ́. Nítorí èyí, lẹ́tà kan kì í jẹ́ ìlà kan ṣoṣo. Akọ̀wé á fa ìlà kìíní, á gbé ọwọ́, á fa ìkejì, nígbà mìíràn á tún fa ìkẹta àti ìkẹrin. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó forí lé, ibi tó ti gbé ọwọ́ àti ètò tí àwọn ìlà náà tẹ̀ lé ara wọn, gbogbo rẹ̀ ti mọ́ ọn lára láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́. Lẹ́tà méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì lójú ẹni tó ń wò wọ́n lóréfèé, kó sì jẹ́ pé ọ̀nà tí ọwọ́ gbà dé ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ń sín ọwọ́ ẹlòmíràn jẹ máa ń rí ìrísí lẹ́tà. Ètò tí ìlà fi tẹ̀ lé ara wọn ló máa ń ṣòro fún un láti rí.

Gbogbo lẹ́tà kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ bákan náà. Àwọn lẹ́tà i, m, n àti u kò ju ìlà kúkúrú tó dúró lóòró lọ. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ Látìnì náà “minimum”, ìlà 15 ló tò tẹ̀ léra, òǹkàwé ni yóò sì mọ ibi tí lẹ́tà kan parí sí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè fi hàn bóyá ọwọ́ akọ̀wé wúwo tàbí ó fúyẹ́, àti bóyá ìkọ̀wé rẹ̀ dúró ṣánṣán tàbí ó tẹ̀, kò sì lè fi ju bẹ́ẹ̀ lọ hàn. Lẹ́tà tó díjú ló wúlò jù: g, w, y, h, k àti àwọn lẹ́tà ńlá bí A. Wọ́n nílò ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ibi tí àwọn ìlà náà ti pàdé sì pọ̀, nítorí náà àyè tí àṣà ẹni fi lè yọjú níbẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú.

Kí ènìyàn tó wá àṣà ẹnì kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ àṣà tó jẹ́ ti gbogbo wọn. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọ̀nà ìkọ̀wé kan tó yá, tí wọ́n fi ń kọ ìwé òfin àti ìwé ìṣirò owó. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi kọ ìwé kíkà pẹ̀lú. Anglicana ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà a inú rẹ̀ ní ikùn méjì, ó sì máa ń ga ju àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà g rí bí nọ́ńbà 8. Lẹ́tà r gùn wá sí ìsàlẹ̀ ìlà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni f àti s gígùn. Orí b, h, k àti l máa ń ká wálẹ̀ bí òrùka. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Secretary ti òkè òkun dé, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba sì tètè gbà á. Nínú Secretary, a ní ikùn kan ṣoṣo, r kúrú, g ní ìwo lórí, àwọn ìlà rẹ̀ sì máa ń ṣẹ́ ní igun dípò kí wọ́n yí. Ìwé tí M. B. Parkes gbé jáde ní 1969 ló sọ orúkọ méjèèjì di ohun tí gbogbo onímọ̀ ń lò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà ni pé kó rí g tó rí bí 8 nínú ìwé méjì, kó sì pariwo pé òun ti rí akọ̀wé kan. Gbogbo ẹni tó kọ́ Anglicana ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó wò ni bí ikùn ìsàlẹ̀ ṣe pa dé, bóyá ìrù rẹ̀ kan ikùn òkè tàbí ó kù díẹ̀ kó kàn án, àti bóyá ìlà tó so ó mọ́ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ti ara rẹ̀ jáde tàbí wọ́n fà á lọ́tọ̀. Ó tún yẹ kó wo irú lẹ́tà tí akọ̀wé yàn sí ibì kọ̀ọ̀kan. Oríṣi s bíi mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ akọ̀wé kan náà, akọ̀wé kan á lo ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á lo òmíràn ní àárín, á sì fi ìkẹta parí ọ̀rọ̀, nígbà tí ẹlòmíràn lè má ka ìyàtọ̀ yẹn sí. Lẹ́tà r pẹ̀lú ní oríṣi kan tó sábà máa ń tẹ̀ lé o. Iye ìgbà tí akọ̀wé ń tẹ̀ lé irú àṣà bẹ́ẹ̀, àti ibi tó ti máa ń gbàgbé rẹ̀, lágbára ju ìrísí lẹ́tà kan lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń ronú sí i bó ṣe ń kọ ọ́.

Ìwé tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì tún ní àǹfààní kan tí ti Látìnì kò ní. Látìnì kò nílò w, bẹ́ẹ̀ ni kò ní þ tó ń dúró fún ìró tí wọ́n ń fi th kọ lónìí, kò sì ní ȝ tó jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà. Lẹ́tà w nínú Anglicana díjú gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó tó láti ya akọ̀wé kan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì bí àpẹẹrẹ rẹ̀ bá pọ̀ tó. Ní ti þ, àwọn akọ̀wé apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ ọ́ bákan náà pẹ̀lú y, nígbà tí àwọn ti gúúsù ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Níbí, ìrísí lẹ́tà kan lè tọ́ka sí agbègbè tí akọ̀wé ti kọ́ṣẹ́.

Sípẹ́lì náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kò sí àkọtọ́ kan tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò sí nígbà náà, ohun tí etí gbọ́ ni ọwọ́ ń kọ. Bí akọ̀wé bá ń da ìwé kọ, ó lè yí sípẹ́lì tó bá níbẹ̀ sí ti ìlú rẹ̀ láìmọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Angus McIntosh ní Edinburgh fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n máa gbé ìrísí lẹ́tà àti sípẹ́lì yẹ̀ wò pa pọ̀, kí àkọsílẹ̀ méjèèjì di ẹ̀rí kan lórí akọ̀wé kan. Iṣẹ́ ńlá tí òun, M. L. Samuels àti Michael Benskin ṣe jáde ní 1986: àwọn àwòrán ilẹ̀ tó fi hàn bí sípẹ́lì ṣe yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú láàárín nǹkan bí 1350 sí 1450. Láti ìgbà náà, kò sí onímọ̀ tó lè fi lẹ́tà nìkan gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n má béèrè sípẹ́lì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ènìyàn kì í wà lójú kan. Akọ̀wé kan náà lè kọ Anglicana tó rẹwà fún ìwé olówó, kó kọ èyí tó yá fún ìwé ìṣirò, kó sì fi Secretary kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹ́ tuntun àti ìyẹ́ tó ti kú kì í fa ìlà kan náà. Ọjọ́ orí àti àìsàn sì tún wà níbẹ̀. Àpẹẹrẹ tó gba àròjinlẹ̀ jù ni ti akọ̀wé kan ní ilé ìjọsìn Worcester, tó ṣiṣẹ́ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹtàlá. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó dé ní 1066 ti ń ṣòro fún ènìyàn láti kà nígbà tirẹ̀, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí àárín ìlà àti sí etí ojú-ewé nínú ìwé bí 20. Nǹkan bí 50,000 ni irú àlàyé kéékèèké bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní Látìnì. Gbogbo ìlà tó fà ló ń gbọ̀n, àwọn lẹ́tà rẹ̀ sì tẹ̀ sí apá òsì. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀.

Christine Franzen kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1991. Ó fi hàn pé ìgbọ̀n náà kò rí bákan náà níbi gbogbo, pé ọwọ́ náà ní ìpele tó yàtọ̀ síra, tí ènìyàn fi lè to iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ léra bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ní 2015, Deborah Thorpe, tó jẹ́ onímọ̀ ìwé àfọwọ́kọ, àti Jane Alty, tó jẹ́ dókítà ọpọlọ àti iṣan, jọ wo àwọn ìlà náà. Wọ́n ní ó jọ àrùn gbígbọ̀n ọwọ́ tó wọ́pọ̀ láwùjọ títí di òní, kò sì jọ ti Parkinson. Ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀ nípa ọwọ́ ọkùnrin yìí ju ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọwọ́ ọ̀pọ̀ akọ̀wé tó fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn lọ. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, àìmọ orúkọ náà kò sì dín ìmọ̀ yẹn kù rárá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti orúkọ ti gbóná jù ni Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìwé kan wà ní Trinity College ní Cambridge tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ R.3.2, Confessio Amantis, ewì gígùn tí John Gower kọ, ló sì wà nínú rẹ̀. Ní 1978, A. I. Doyle àti M. B. Parkes tẹ àyẹ̀wò wọn lórí rẹ̀ jáde. Wọ́n fi hàn pé akọ̀wé márùn-ún ló pín ìwé náà kọ, tí oníkálukú gba ìdì ewé tirẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ lákòókò kan náà láìsí ọ̀gá kan tó ń mójú tó bí iṣẹ́ wọn yóò ṣe bára mu. Wọ́n sọ wọ́n ní A, B, C, D àti E. Ìwà ọmọlúàbí onímọ̀ ni yíyàn lẹ́tà dípò orúkọ yìí, ó sì ṣe pàtàkì fún gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ojú-ewé díẹ̀ ni E kọ, síbẹ̀ òun ni orúkọ rẹ̀ dájú jù. Thomas Hoccleve ni, akéwì àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì èdìdì ọba ní Westminster, ẹni tó kú ní 1426. Ìwé ewì mẹ́ta wà tó fọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ, méjì ní Huntington Library ní California àti ọ̀kan ní Durham, ìwé àpẹẹrẹ lẹ́tà ìjọba kan tó kó jọ fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà ní British Library. Láti ara àwọn wọ̀nyí ni H. C. Schulz ti to àṣà ọwọ́ rẹ̀ jọ ní 1937, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà bí w rẹ̀ tó rí róbótó àti g rẹ̀ tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀rí náà lágbára nítorí pé àpẹẹrẹ tó ní orúkọ pọ̀, ó gùn, Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, irú iṣẹ́ kan náà sì ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n fẹ́ fi í wé. Nínú ewì rẹ̀, Hoccleve ráhùn pé ìkọ̀wé ń ba ojú, ẹ̀yìn àti ikùn ènìyàn jẹ́. Ẹni tó fi bí ogójì ọdún kọ̀wé fún ọba ní ẹ̀tọ́ láti ráhùn bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé D ni ọwọ́ rẹ̀ tàn ká jù. Yàtọ̀ sí ti Trinity, ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Confessio Amantis mìíràn àti ẹ̀dà méjì Canterbury Tales ti Geoffrey Chaucer. Lọ́ńdọ̀nù ló ti ṣiṣẹ́, àmọ́ sípẹ́lì rẹ̀ fi hàn pé agbègbè Worcestershire ló ti wá, Jeremy Smith ló sì ṣe iṣẹ́ tó fìdí èyí múlẹ̀. Ní 2013, Linne Mooney àti Estelle Stubbs sọ pé John Marchaunt ni, akọ̀wé àgbà fún ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti 1399 sí 1417. Àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà.

Èyí tó di ìròyìn káàkiri ni ti B. Doyle àti Parkes rí i pé ọwọ́ B náà ló kọ ẹ̀dà Canterbury Tales méjì tó lókìkí jù: Hengwrt, tó wà ní ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Wales ní Aberystwyth, tí eku ti jẹ etí ewé rẹ̀, àti Ellesmere, tó wà ní Huntington, tí àwòrán àwọn arìnrìn-àjò inú ìtàn náà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Èyí nìkan gan-an kò lọ láìsí àtakò. Ní 1982, Vance Ramsey sọ pé sípẹ́lì ìwé méjèèjì yàtọ̀ jù fún kó jẹ́ ọwọ́ kan. Samuels dá a lóhùn ní ọdún tó tẹ̀ lé e pé ìyàtọ̀ náà tọ́ ọ̀nà kan, irú èyí tó máa ń dé bá akọ̀wé kan bí ọdún bá ń kọjá lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gba ti Samuels. Ìbéèrè àkọ́kọ́, ti ọwọ́, ti rí ìdáhùn.

Ní 2004, níbi àpérò kan ní Glasgow, Mooney kéde orúkọ: Adam Pinkhurst. Ó gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní kíkún nínú ìwé àtìgbàdégbà Speculum ní 2006. Pinkhurst jẹ́ ọ̀kan lára ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé tí ń ṣe ìwé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbúra tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tó wọ ẹgbẹ́ náà sì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ títí di òní. Mooney fi àwọn lẹ́tà inú ìbúra yẹn wé ti Hengwrt àti Ellesmere. Ó wo àwọn lẹ́tà tó díjú, ó wo bí ìkọ̀wé ṣe tẹ̀, ó sì tọ́ka sí àwọn ọ̀ṣọ́ kéékèèké bí ìlà méjì tó dàgẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì róbótó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀rí mìíràn tún wà tó dùn gbọ́ létí. Chaucer kọ ewì kúkúrú kan sí akọ̀wé rẹ̀ tó ń jẹ́ Adam, níbi tó ti gbàdúrà pé kí èépá bo orí rẹ̀ bí kò bá da ọ̀rọ̀ òun kọ bó ṣe yẹ. Orúkọ bá orúkọ mu, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yára gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Ní 2011, Jane Roberts tún gbogbo àfiwé náà yẹ̀ wò, kò sì rí ohun tó tó láti so ìbúra náà mọ́ àwọn ìwé ewì. Lawrence Warner gbé odindi ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2018, òun náà sì kọ̀ ọ́. Èyí tó wọ̀ jù nínú ohun tí àwọn alátakò sọ ni pé ọ̀pọ̀ àmì tí Mooney tọ́ka sí, títí kan àwọn ọ̀ṣọ́, jẹ́ ti gbogbo akọ̀wé tó kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Ìbúra náà sì kúrú, àpẹẹrẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ kò pọ̀. Ìwé ẹgbẹ́ àti ìwé ewì kì í ṣe irú iṣẹ́ kan náà, àwòkọ́ṣe ọwọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé nínú wọn kò sì fi dandan jẹ́ ọ̀kan. Ní ti ewì sí Adam, Adam kì í ṣe orúkọ tó ṣọ̀wọ́n, ewì náà kò sì sọ orúkọ ìdílé rẹ̀. Ẹ̀dà àfọwọ́kọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, èyí tí John Shirley dà kọ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, lẹ́yìn tí Chaucer ti kú ní 1400.

Bí ènìyàn bá fi ọ̀ràn B lé orí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti Hoccleve, ibi tí ó ti fúyẹ́ hàn. Hoccleve ní ojú-ewé púpọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ láìsí iyèméjì, Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, ewì sì ni pẹ̀lú. Ìbúra kúkúrú kan ni gbogbo ohun tó dájú pé Pinkhurst kọ tí àfiwé náà gbé ara lé. Mooney ṣì lè tọ̀nà. Ohun tó lè yanjú rẹ̀ ni ìwé mìíràn tí Pinkhurst fọwọ́ sí, tó gùn, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí w, þ àti y pọ̀ nínú rẹ̀ tó láti kà, kí wọ́n lè mọ iye ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nǹkan kan àti iye ìgbà tí kì í ṣe é. Ní báyìí, àwọn kan ń kọ Pinkhurst sínú ìwé wọn, àwọn mìíràn sì ti padà sí “Akọ̀wé B” bí Doyle àti Parkes ṣe fi í lélẹ̀ ní 1978.